Ìkíni Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Bí obìnrin bá bímọ ní ilẹ̀ Yorùbá, gbólóhùn kan ni ẹni tó bá wọlé máa ń kọ́kọ́ sọ: "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn ará ilé a sì dáhùn pé ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹni tó bá fetí sí ìkíni yìí dáadáa yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ohun tó ti kọjá ni. Ewu wà, ewu ti rékọjá, ìyá wà láàyè, ọmọ wà láàyè. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti dé tí ewu kò sì tíì lọ, kí ni à ń kí òbí rẹ̀?

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Òṣogbo tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní èdè Yorùbá. Ọdọọdún ni ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní ẹ̀kọ́ lórí ìkíni. Yóò kọ wọ́n sójú pátákó lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ó máa ń sọ fún wọn pé kò sí ipò tí ọmọ ènìyàn lè bá ara rẹ̀ tí Yorùbá kò ní ìkíni fún, ó sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ọjọ́rú kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2022, ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ di irọ́ lójú rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ti fi ń wá ọmọ. Aránṣọ ni ìyàwó náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà, ó sì ti rán aṣọ ìkómọ fún obìnrin púpọ̀ ju iye tí ó lè kà lọ kí ó tó lóyún tirẹ̀. Oyún náà wọ ọ̀sẹ̀ 30 nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sì ń di méjì lójú rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba ńlá kan pé kí wọ́n fún òun ní oògùn orí fífọ́. Nọ́ọ̀sì tó wọn ìfúnpá rẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n, kò sọ̀rọ̀, ó dìde lọ pe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni. Oògùn lè tẹ̀ ẹ́ rì fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń fòpin sí i ni kí ọmọ àti ibi ọmọ kúrò nínú ìyá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ọmọbìnrin ni. Gíráàmù 1,200 ni ó wọ̀n. Olùkọ́ náà kò mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí títí ó fi padà sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ tọrọ àyè, tí ó gbé ìwé atúmọ̀-èdè tó wà lórí tábìlì rẹ̀, tí ó sì rí i pé ìwé náà wúwo ju ọmọ òun lọ.

Àwọn dókítà kì í ka oyún sí èyí tó gbó àfi tó bá pé ọ̀sẹ̀ 37. Ọmọ tó bá dé ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ni ìṣòro rẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun kan wà tó dà bí omi ọṣẹ, tí kì í jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró lẹ̀ mọ́ra nígbà tí a bá mí síta. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé kì í ní in tó. Èémí kọ̀ọ̀kan a wá le fún un bí ẹni tó ń fẹ́ bàlúùnù tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbé ọmọbìnrin náà sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú ooru wá, èyí tí gbogbo ará ibẹ̀ ń pè ní íńkúbétọ̀. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ihò imú rẹ̀ méjèèjì kí ọ́síjìn lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnu rọ́bà mìíràn wà nínú ìgò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, omi yìí sì ń hó tọ̀sán-tòru bí ìkòkò tí a gbé kaná. Híhó yẹn ni àmì pé agbára wà nínú afẹ́fẹ́ tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró pa dé. Bí omi bá dákẹ́, nọ́ọ̀sì a sáré. Kò pẹ́ tí ìyá ọmọ fi mọ ìró náà. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, etí ni ó fi ń tọ́jú ọmọ rẹ̀, nítorí wọn kò tíì jẹ́ kí ó fi ọwọ́ gbé e.

Ìyá nìkan ni òfin wọ́ọ̀dù náà gbà láyè láti wọlé. Bàbá a máa wo inú láti ojú fèrèsé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá olùkọ́ náà, tó ti gbéra láti Ìkìrun pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, àdí àgbọn àti kànrìnkàn tuntun, kò rí ju ìlẹ̀kùn lọ. "Èmi tí mo ti wẹ ọmọ fún gbogbo àdúgbò!" ni ó ń wí. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ṣàlàyé fún un pé kòkòrò tí kò lè ṣe àgbàlagbà ní nǹkan kan lè pa irú ọmọ yìí. Ó kúnlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣílẹ̀kùn.

Ní ilé ni wàhálà ìkíni ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan láti ilé kejì ti ẹnu géètì kígbe "Ẹ kú ewu ọmọ o!" wọlé. Nígbà tí kò gbọ́ igbe ọmọ, tí kò sì rí aṣọ ìkókó kankan lórí okùn, ó gbé ìyókù mì. Ẹlòmíràn sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́," bí ẹni ń kí aláìsàn. Àgbà ìjọ kan, ènìyàn rere, di olùkọ́ náà lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú." Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni. Olùkọ́ náà dúpẹ́, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Àgbà náà kò ní ibi lọ́kàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́n ènìyàn, èyí tó bá súnmọ́ ẹnu ni yóò jáde. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ kú," tí ó dúró, tí kò rí ohun tí yóò fi kún un, tí ó wá fi àpòòwé owó sí i lọ́wọ́. Ó jọ pé tirẹ̀ ló dára jù nínú gbogbo wọn.

Bẹ́ǹṣì onígi gígùn kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́ọ̀dù náà. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá ń gbé. Awakọ̀ kan wà níbẹ̀, ọlọ́pàá kan, ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa dúró de ìwé pélébé tí nọ́ọ̀sì máa ń mú jáde: òwú, ìbọ̀wọ́, síríńjì, oògùn, owó ọ́síjìn. Ẹni tí kò bá ní owó tó ní ọjọ́ kan, àwọn yòókù a dá a jọ fún un, wọn kì í sì í kọ ọ́ sílẹ̀. Lówùúrọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn àwọn ọmọ, àwọn ìyá a jáde wá sọ iye. Láti inú èyí ni ìkíni kan ti jáde lórí bẹ́ǹṣì náà, tí kò sí ní ibòmíràn. Ẹni tó bá dé kì í sọ pé ẹ káàárọ̀. Á ní, "Mélòó lónìí?" Èkejì á ní, "1,140." Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Á gòkè." Kò sí ẹni tó ń béèrè bóyá àlàáfíà ni, nítorí kò sí ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ti olùkọ́ náà kò gòkè. 1,200 di 1,150, ó di 1,110, ó di 1,080 ní ọjọ́ karùn-ún. Dókítà ṣàlàyé pé gbogbo ọmọ tuntun ló ń fọn díẹ̀ lẹ́yìn ìbí, pé omi ara ló ń lọ, pé yóò padà. Olùkọ́ náà gbà á gbọ́. Síbẹ̀ ó ń kọ iye kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn ìwé ìgbáradì-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe ìyọkúrò lórí rẹ̀ lóru, bí ẹni pé àṣìṣe kan wà níbẹ̀ tí òun lè rí. Ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń fún omi ọyàn sínú ife, tọ̀sán-tòru. Wọ́n ń fi síríńjì fa á, wọ́n ń dà á sínú rọ́bà tó lọ tààrà sí ikùn ọmọ, nítorí ọmọ náà kò tíì lè mu, kí ó gbé e mì, kí ó sì tún mí pọ̀. Mílílítà méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, ọkùnrin tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ kò dáhùn nígbà tí wọ́n ní "Mélòó lónìí?" Ó ń ká ẹní rẹ̀. Ó gbé fúláàsìkì rẹ̀ sínú báàgì. Awakọ̀ náà dìde, gbogbo wọn sì dìde, wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìkíni ọ̀fọ̀ pọ̀ nínú ìwé tí olùkọ́ náà fi ń kọ́ni. Kò rántí ìkankan nínú wọn.

Ọ̀la ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ kẹjọ. Láyé àtijọ́, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án fún ọkùnrin, ọjọ́ kẹjọ sì wà fún ìbejì. Lóde òní ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo ọmọ. A ó wá oyin, iyọ̀, orógbó, obì, ataare àti omi tútù, a ó fi tọ́ ọmọ lẹ́nu, a ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣàdúrà. Níbo ni ènìyàn yóò ti fi oyin tọ́ ọmọ tí rọ́bà wà ní imú àti ẹnu rẹ̀ lẹ́nu? Olùkọ́ náà ní kí wọ́n sún un síwájú. Ìyá rẹ̀ tún le jù ú lọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ méjì ni ìyá àgbà ti bí ṣáájú rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì padà kí ọjọ́ kẹjọ tó pé. Nígbà tí ó bí ẹni kẹta, orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Dúró" ni wọ́n sọ ọ́, irú orúkọ tí òbí fi ń bẹ ọmọ. "Ẹ jẹ́ kí ó fìdí kalẹ̀ ná," ni ó wí. "Ọmọ tí a bá ti sọ lórúkọ kì í ṣe é gbàgbé."

Ìyàwó ilé jókòó sí ìkángun bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ ti ojú iṣẹ́ abẹ rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Bí ó bá lọ láìlórúkọ, kí ni n ó máa fi pè é nígbà tí mo bá ń sunkún rẹ̀?"

Ìyá àgbà kò dá a lóhùn. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Nígbà tí ó ṣe, ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ rí. "Mi ò ní nǹkan kan tí mo fi ń pe àwọn méjèèjì." Ó ti lé ní ogójì ọdún.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ìyá ọmọ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnwọ́, ó wọ ẹ̀wù wọ́ọ̀dù, ó wọlé. Nọ́ọ̀sì kan gbà kí wọ́n fi fóònù sínú ọ̀rá mímọ́, ó sì gbé e súnmọ́ ihò tí wọ́n ń ti ọwọ́ bọ̀ lára íńkúbétọ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá àgbà ní oyin nínú ọmọrí ìgò, iyọ̀ nínú bébà, àti omi. Ó tọ́ ọ wò ní orúkọ ọmọ, ọmọ rẹ̀ tọ́ ọ wò, awakọ̀ àti ọlọ́pàá náà sì tọ́ ọ wò. Bàbá kọ́kọ́ sọ orúkọ àbísọ. Ìyẹn wà fún ìdílé náà nìkan. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà gba fóònù, ó pe oríkì tí ó fún un: Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Ó pè é, ó tún un pè, ó sì bọ́ sínú oríkì orílẹ̀ wọn, kò dúró títí owó fi tán lórí fóònù. Nínú lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì ti mú bírò. Ara káàdì tó wà lórí àpótí ni wọ́n ti kọ "Béèbì" àti orúkọ bàbá rẹ̀. Ó fa igi gba orí "Béèbì," ó kọ "Àbẹ̀kẹ́" sókè rẹ̀. Ìyá tí gbogbo wọ́ọ̀dù ti ń pè ní Ìyá Béèbì di Ìyá Àbẹ̀kẹ́ láti ọjọ́ náà.

Orúkọ kì í ṣe oògùn. Iye tí ọmọ náà wọ̀n ní ọjọ́ kẹjọ náà ni ó wọ̀n ní ọjọ́ kẹsàn-án. Ní òru ọjọ́ kẹwàá ó tún ṣe ohun tí àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé máa ń ṣe: ọpọlọ rẹ̀ gbàgbé láti rán an létí kí ó mí. Ẹ̀rọ ké. Nọ́ọ̀sì sáré dé, ó fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mí. Àbẹ̀kẹ́!" Ọmọ náà mí. Ta tí wọ́n ta ẹsẹ̀ rẹ̀ ló jí i, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ròyìn fún ọkọ rẹ̀ lówùúrọ̀ ni pé àlejò kan, tí kì í ṣe ẹbí, pe orúkọ ọmọ àwọn lóru bí ẹni ń pe ọmọ tó jìnnà díẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ amúnáwá kò sì tètè jí. Àwọn nọ́ọ̀sì fi aṣọ àti òwú wé àwọn ọmọ nínú òkùnkùn. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ìgbà náà ni nọ́ọ̀sì àgbà sọ fún Ìyá Àbẹ̀kẹ́ pé bí ọmọ bá ti lè kúrò lórí ọ́síjìn, àwọn yóò gbé e lé e láyà, ara kan ara, nítorí àyà ènìyàn kì í dúró de iná. Ọgbọ́n yìí kò ti ìlú olówó wá. Ní ọdún 1978, ní Bogotá, olú-ìlú Colombia, íńkúbétọ̀ kò tó fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Dókítà kan tí ń jẹ́ Edgar Rey Sanabria bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sí àyà ìyá wọn, ó fi ara wé ẹranko kangaroo tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Dókítà Héctor Martínez sì bá a tẹ̀síwájú. Ní ọdún 2021, àbájáde ìwádìí kan jáde láti orílẹ̀-èdè márùn-ún, Ghana, India, Malawi, Nàìjíríà àti Tanzania. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ti Nàìjíríà. Ọmọ tí ìwọ̀n wọn wà láàárín gíráàmù 1,000 sí 1,799 ni wọ́n lò. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n gbé sí àyà láìdúró kí ara wọn kọ́kọ́ balẹ̀, bí 12 ló kú kí oṣù kan tó pé. Nínú àwọn tí wọ́n dúró fún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń fi Ifẹ̀ yangàn mọ èyí pẹ̀lú.

Ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n gbé Àbẹ̀kẹ́ lé ìyá rẹ̀ láyà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá rẹ̀ kò gbin. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá sunkún, àyà òun yóò mì. Ní ọjọ́ kẹta sí ìgbà náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo aṣọ tí wọ́n fi so ọmọ mọ́ ọn pẹ̀lú ojú aránṣọ, ó ní kò dì mọ́ra dáadáa, ó ń já bọ́ léjìká. Ó ní kí ọkọ òun gbé àǹkárá àti rọ́bà wá láti ṣọ́ọ̀bù. Mọ́kànlá ni ó rán kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, fún àwọn ìyá yòókù.

Yàrá tí wọ́n ti ń gbé ọmọ sí àyà yàtọ̀ sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n gba àwọn bàbá láyè níbẹ̀. Olùkọ́ náà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó jókòó, wọ́n gbé ọmọ fún un. Ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n níwájú ogójì ọmọ kò mọ ohun tí yóò bá ẹyọ kan sọ. Nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ sáàmú àkọ́kọ́ fún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọjà.

Wọ́n kúrò níbẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínláàádọ́ta. Awakọ̀ náà, tí ọmọ tirẹ̀ ṣì wà nínú wọ́ọ̀dù, bi wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, "Mélòó lónìí?" Nígbà tí ó gbọ́ 1,820, ó ki fìlà bọ àpò, ó jó díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má tíì pọ̀n ọ́n. Ìyá àgbà kò fara mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀yìn ni Ọlọ́run dá fún ọmọ. Ó ráhùn títí di ọjọ́ kejì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó ń sùn, olùkọ́ náà sì jáde sí àgbàlá, ó bá ìyá rẹ̀ tó ti ki Àbẹ̀kẹ́ sí àyà, tó ti fi ìró rẹ̀ wé e, tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Obìnrin ilé kejì tún wà ní ẹnu géètì. Ó wo ìyá àgbà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní irú pípọ̀n wo nìyí. Lẹ́yìn náà ni ó rí orí kékeré náà tó yọ lókè ìró. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọmọ o, Màmá."

"O ṣeun," ni ìyá àgbà wí. "Wá bá mi di ẹ̀yìn ìró yìí dáadáa. Ó fẹ́ tú."